Sátidé ọmọ yín ní Kútọnu: ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń lọ kọ́ Faransé lẹ́yìn bodè

Bí ìgbà àtilọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè tí àwọn òbí láti Kábà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ máa ń bi mí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ọmọ á rí oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n jẹ? Ṣé ọ̀nà dára? Ṣé àwọn tó máa gbé lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe òǹrorò? Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, n kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni: kí ni ọmọ yìí á máa fi Sátidé àti Sọ́ńdè rẹ̀ ṣe?

Iṣẹ́ mi ni láti múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé sílẹ̀ fún àkókò tí wọ́n máa lò láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn kan ń lọ sí Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjárá, Bàdágìrì. Àwọn mìíràn, tí apá òbí wọn ká a, ń kọjá bodè lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, tàbí Village du Bénin, ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní Lomé, Tógò. Àwọn tó ń kọjá bodè ni ọ̀rọ̀ mi òní ń bá wí, pàápàá àwọn tó máa gbé inú ilé onílé.

Kíláàsì dára, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Olùkọ́ á rọra sọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sójú pátákó, á tún un sọ bí ẹ kò bá gbọ́. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún yín lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ti apá òsì ọmọ Ọ̀wẹ́rì, bí ẹ bá sì ti jáde, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Èdè tí a fi ń bá ọmọdé wí, tí a fi ń ná ata, tí a fi ń ṣàwàdà nídìí ìkòkò, inú ilé ló wà. Ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń pọ̀ jù, torí ọjọ́ náà ni gbogbo ará ilé ń wà nílé: aṣọ ń bẹ láti fọ̀, ọjà ń bẹ láti ná, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tilẹ̀kùn mọ́ra lọ́jọ́ yẹn, tó ń wo fóònù, ti jẹ owó ìyá rẹ̀ lásán.

Ewu kan tún wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá nìkan. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kún fún àwọn ènìyàn wa. Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Kétu, Pobè, Ṣábẹ, kò sí èyí tí ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, máa dé tí kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nínú ọjà Kútọnu pàápàá, ẹ ó gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì. Inú ọmọ á dùn, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Sátidé. Bí oṣù bá gorí oṣù, á padà sí Kábà pẹ̀lú Faransé tó gbé lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún wọn o, ẹbí wa ni wọ́n. Ẹ lọ kí wọn, ẹ jẹun lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá ilé tí Fọ̀n tàbí Ègùn jẹ́ èdè ìdílé ní Kútọnu, tàbí Ewe ní Lomé, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lọ sílé ìwé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, Faransé nìkan ni ẹ̀yin àti wọn jọ gbọ́. Àwọn ọmọ yẹn ni olùkọ́ tó dára jù. Wọn kì í ṣojú àánú: bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n á sì dúró kí ẹ tún un sọ. Ẹ bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ ra nǹkan níwájú ilé.

Ní ti ìwà, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìyàrà tàbí Ògìdì ti ní púpọ̀ nínú ohun tó nílò. Ẹ kí gbogbo ará ilé lówùúrọ̀ kí ẹ tó béèrè omi. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ kí wọn ní bonjour, ẹ má kàn béèrè iye ọjà. «Vous» ni kí ẹ máa lò fún àgbà bí a ṣe ń lo «ẹ» níbí, títí wọ́n á fi sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá ilé ni «maman», ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà inú ilé lè má gbọ́ Faransé rárá. Ẹ kọ́ ìkíni èdè tirẹ̀, kí ẹ sì máa kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i bí ẹ ṣe máa ṣe nílé. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti bínú sí ọmọ torí pé ó kí ìyá àgbà jù.

Oúnjẹ kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Akassa tí ẹ máa rí ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀kọ ni. Òkèlè àgbàdo ló pọ̀ jù lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì tàbí ẹja. Ní Tógò, ohun tí wọ́n ń pè ní foufou, iyán tiwa gan-an ni, iṣu ni wọ́n fi ń gún un. Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ kì í ṣe adùn oúnjẹ, àdéhùn ni. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè: oúnjẹ ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ ló wà nínú owó náà? Ta ló ń san owó omi àti iná? Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì? Ṣé ọ̀rẹ́ lè wá sílé? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ìyá ilé náà rí i.

Bí wọ́n bá pè yín síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ. Bíi tiwa, wọ́n ń dá aṣọ kan náà fún ẹbí. Ẹ wọ aṣọ òfì tí àwọn ìyá wa hun, bí ẹ bá ní in, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣàlàyé fún ogún ènìyàn ibi tí wọ́n ti hun ún. Ìdánwò ẹnu wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìrìn. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó ṣì wúlò àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bí ẹ̀kọ́ yín bá ju ọjọ́ 90 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìgbélùú láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nípasẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ní bodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé yín. Àwọn ọlọ́kadà tó ń sọ pé àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú á gbé yín kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Lomé, wọ́n á bi yín léèrè ibi tí ẹ gbà wọlé.

Ouidah kò ju bí kìlómítà 40 lọ sí Kútọnu. Ẹ lè lọ, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi, etíkun náà sì yẹ ní fífi ẹsẹ̀ rìn, kì í ṣe fọ́tò nìkan. Fún Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí adágún Nokoué, ẹ sọ iye owó parí kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Abomey jìn díẹ̀, ó tó kìlómítà 140, ẹ sùn síbẹ̀. Láti 1985 ni ààfin àwọn ọba Dahomey, ìjọba àtijọ́ tí Abomey jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ti wà nínú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO. Ní 2021, ìjọba ilẹ̀ Faransé dá ohun-ìní 26 tí àwọn ọmọ ogun wọn kó lọ lọ́dọ̀ àwọn ọba náà ní 1892 padà fún Bẹ̀nẹ̀. Ẹ bi ìyá tàbí bàbá ilé yín ní èrò wọn lórí èyí kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ fún afinimọ̀nà pé Faransé lẹ fẹ́ gbọ́. Bí ó bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, Gẹ̀ẹ́sì ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Láti Kútọnu dé Lomé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 150, Hilla-Condji sì ni bodè. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ jèrè wákàtí kan. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, ẹ pàdánù rẹ̀, ibẹ̀ sì ni alẹ́ ti ń ká ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ kúrò ní Lomé kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn tó ń gbé Lomé máa ń fẹ́ sáré wọ Gánà, torí bodè Aflao wà létí ìlú níbẹ̀. Akra dára, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà ìsinmi.

Nínú òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èmi máa ń gbani níyànjú pé kí a fi mẹ́ta fún ilé, kí a fi ọ̀kan rìn. Ẹ sọ fún ará ilé láti àárín ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹbí níbi tí ẹ ń lọ. Wọ́n máa ń ní. Ọkọ̀ èrò ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin dá háyà. Lórí zémidjan, ọ̀kadà wọn, ẹ dé akoto, ẹ sọ iye kí ẹ tó gùn ún, kí owó sẹ́fà kéékèèké sì wà lápò yín; ṣẹ́ńjì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má pe ọmọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ẹ pè é ní alẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tó ti wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó yín ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó ṣí fóònù sókè níwájú ìyá ilé. Ẹ fi Yorùbá dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ẹ béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ní oṣù kìíní, ó máa wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tún ṣe é ní oṣù kẹta.