Fọ́ọ̀ wíìlì pickup àtijọ́ tó kọ̀ tí ò wọlé: bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí agbára ti dúró

Bí fọ́ọ̀ wíìlì, ìyẹn kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa ọkọ̀, bá ti kọ̀, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé transfer case, ìyẹn àpótí gíà àárín ọkọ̀ tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, ti lọ, ká tú u sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù ná. Transfer case fúnra ẹ̀ kì í sábà tètè bàjẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké tó yí i ká ló ń dàgbà, rọ́bà tó gbẹ, waya tó dípẹtà, gírísì tó ti le bí alẹ̀mọ́. Ìdánwò kan wà téèyàn lè fọwọ́ ṣe lábẹ́ ọkọ̀ láàárín wákàtí kan, òun ló máa sọ bóyá àárín ni wàhálà wà àbí iwájú, kéèyàn tó náwó kankan rárá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ́ńjìnì ń yí gíábọ́ọ̀sì, gíábọ́ọ̀sì ń yí transfer case tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wà ní 2H, ìyẹn táyà méjì, ẹ̀yìn nìkan ni agbára ń lọ. Tí wọ́n bá ti wá fi sí 4H, ìyẹn táyà mẹ́rin, irin kan tó rí bíi fọ́ọ̀kì á ti òrùka eléyín kan nínú transfer case, òrùka yẹn ló máa so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, lára ọ̀pọ̀ wọn ṣéènì ló ń gbé e lọ síwájú, propeller iwájú, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára lọ, á wá máa yí bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ó kan difù iwájú tó ń pín agbára sọ́tùn-ún àti sósì, ó kan àsù, ìyẹn irin tó ń yí táyà, ó kan táyà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni ìparí yẹn. Lára ọ̀pọ̀ pickup àtijọ́, táyà iwájú ò so mọ́ propeller ní gbogbo ìgbà, wọ́n ṣe é kó lè já sílẹ̀ nígbà tí wọn ò bá lò ó, kí irin iwájú má baà máa yí lásán kó máa jẹ epo. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ tún un so tí wọ́n bá fi sí fọ́ọ̀. Nínú ọkọ̀ kan, hub, ìyẹn ohun tó ń so táyà mọ́ àsù, ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fọwọ́ yí lójú táyà, nínú òmíì hub náà ló ń dá ara ẹ̀ mú, nínú òmíì sì rèé, inú àsù lapá kan ni ibi tó ń já tó tún ń so wà, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà, ìyẹn vacuum, tàbí iná ló ń tì í. Nítorí náà ibi méjì ló gbọ́dọ̀ so kí fọ́ọ̀ tó ṣiṣẹ́, àárín àti iwájú. Bí ọ̀kan bá so tí ìkejì ò so, táyà iwájú ò ní fa nǹkan kan.

Kéèyàn tó wọ abẹ́ ọkọ̀, kó rí i dájú pé òun fi sí i bó ṣe yẹ. 4L, ìyẹn táyà mẹ́rin pẹ̀lú agbára láìsáré, ò ní wọlé bí ọkọ̀ ò bá dúró tàbí kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ gan-an, gíà sì gbọ́dọ̀ wà ní neutral. Nígbà míì ṣe ni eyín gíà méjì forí kan ara wọn, tí ọkọ̀ bá yí síwájú díẹ̀ ló máa bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ hub tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ṣé wọ́n yí i ní méjèèjì? Ó ń ṣẹlẹ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ. Kẹ́ ẹ má sì gba iná dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́ pátápátá, ojú swíìṣì kékeré kan ló ń gba wá, swíìṣì yẹn lè kú kí fọ́ọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsí iná, ó sì lè tàn torí transfer case ti wọlé nígbà tí iwájú ò tíì so.

Ó wá ku ìdánwò yẹn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni o. Ẹ fi sí 4H, ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀ kó lè wọlé, ẹ wá fi sí Park, tàbí gíà kìíní tó bá jẹ́ mánúà, ẹ fa handbrake, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi pákó tó nípọn dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ jáàkì táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró tó lágbára, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró láéláé, jáàkì lè yẹ̀ lójijì.

Ẹ di propeller iwájú mú, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti yí i. Tó bá ń yí gbẹrẹfu, transfer case ò wọlé, àárín ni wàhálà wà. Tó bá le gbagidi tí ò yí, transfer case ti ṣe tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá síwájú. Ẹ wá yí táyà kan. Bí táyà kejì bá ń yí sódìkejì, gbogbo ẹ̀ ló so, fọ́ọ̀ ṣiṣẹ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń parọ́. Bí táyà bá ń yí àmọ́ tí àsù ẹ̀yìn ẹ̀ dúró sójú kan, hub yẹn ò mú. Bí àsù bá ń bá táyà yí tí táyà kejì sì dúró, ibi tó ń já nínú àsù ni ò tíì so.

Ká ní àárín ni. Tó bá jẹ́ ọ̀pá gíà ni wọ́n fi ń sí i, kí ẹnì kan máa ti ọ̀pá náà kí ẹlòmíì máa wo apá irin tó wà lára transfer case lábẹ́, ẹ́ńjìnì ní pípa. Tí ọ̀pá bá rìn tí apá yẹn ò rìn dé òpin, búṣì tó wà láàárín wọn ló ti jẹ, kì í wọ́nwó. Tó bá jẹ́ swíìṣì ni wọ́n ń tẹ̀, ẹ tẹ́tí: mótò iná kékeré kan wà lára transfer case tó yẹ kó dún. Tí ò bá dún, ẹ wo fíúsì àti riléè, kẹ́ ẹ fi tẹ́sítà wo bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ mótò náà bí wọ́n ṣe ń tẹ swíìṣì. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti omi ń ta sí jù, ẹnu waya á ti dípẹtà di àwọ̀ ewé, waya tó lọ sára bọ́dì náà á ti já. Tí iná bá dé tí mótò ò yí, mótò ló kú. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi sípánà rọra yí ẹnu irin tó yọ síta lára transfer case. Tó bá wọ fọ́ọ̀ báyẹn, inú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, mótò nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, lọ́pọ̀ ìgbà ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tí mótò yìí dé, torí ojú irin tó ń sọ fún un ti dọ̀tí tàbí ó ti jẹ.

Ìgbà tí irin yẹn bá yí tán tí fọ́ọ̀ ò ṣì wọlé, tàbí tó bá wọlé tó ń já pẹ̀lú ariwo gbà nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan fọ́ọ̀kì tàbí ṣéènì tó ti fà, ìgbà yẹn ló tó tú.

Tó bá jẹ́ iwájú, vacuum ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí tí ọkọ̀ bá ń lò ó. Ẹ yọ rọ́bà kúrò lára ohun tó ń ti àsù náà, ẹ́ńjìnì ní títàn, fọ́ọ̀ ní wíwọlé, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀. Tí ò bá fa ìka, ẹ máa bá rọ́bà yẹn lọ sẹ́yìn títí dé ẹ́ńjìnì, ó ti sán níbì kan, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí ooru pọ̀ sí tàbí ibi tó ti tẹ̀. Tó bá ń fà tí àsù ò so, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà pẹlẹbẹ inú ohun tó ń tì í ti ya. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fa vacuum tirẹ̀, páǹpù kékeré ló ń ṣe é, lára àwọn kan ẹ̀yìn alternator ló wà, nítorí náà páǹpù lè jẹ̀bi. Lára Chevrolet S-10 àtijọ́ tó ń lo vacuum, swíìṣì vacuum tó wà lórí transfer case máa ń jò, ọ́ìlì á wá gba inú rọ́bà náà gòkè. Bẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì pupa nínú rọ́bà vacuum, swíìṣì yẹn ni.

Àwọn pickup ńlá Chevrolet àti GMC kan láàárín ọdún 1988 sí nǹkan bíi 1997 ń lo irú ohun tó ń ti àsù kan tí iná máa ń mú gbóná kó tó ti irin jáde, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, pàápàá nígbà òtútù. Ẹ má tètè sọ pé ó kú.

Hub tí wọ́n ń fọwọ́ yí máa ń dì torí gírísì tó le, tàbí torí gírísì tí ẹnì kan rọ kún inú ẹ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, ọ́ìlì díẹ̀ tàbí gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fẹ́.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti so, orí ilẹ̀ oníyanrìn tàbí ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí títì gbígbẹ, torí tí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò rìn ọ̀nà kan náà, irin á máa lọ́ra wọn. Táyà tí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba ń fa irú ẹ̀. Tí 4H bá wá kọ̀ tí ò jáde, ẹ fi ríváàsì lọ tààrà díẹ̀, á tú ara ẹ̀ sílẹ̀.