Láti Rìsíìtì Owó Orí Dé Ọ̀pá Àṣẹ: Bí Ilé Aṣòfin Wa Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá bàbá bàbá mi mọ́ ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, a bá agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Rìsíìtì owó orí ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, tọdún dé ọdún, wọ́n fi okùn rọ́bà dì wọ́n. Pépà náà ti pọ́n bí ewé kòkó tó gbẹ, kòkòrò ti jẹ igun wọn, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ káńsù ṣì hàn lára wọn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá, kò mọ̀wé, síbẹ̀ kò sọ ọ̀kan nù nínú wọn. Àwọn tó bá a lọ oko sọ fún wa pé kì í jáde nílé láì fi ti ọdún náà sápò, torí pé akódà lè yọ sí i lójú ọ̀nà nígbàkigbà, kó ní, "Rìsíìtì rẹ dà?"

Inú agolo yẹn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa dá owó sápò kan náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá dá owó ni yóò béèrè ibi tí owó gbà. Òfin ṣíṣe wá tẹ̀lé e ni.

Kí òyìnbó tó dé, ìlú ní àpò tirẹ̀. Owó ibodè ń wọlé, owó ìtanràn ń wọlé, ìṣákọ́lẹ̀ ń ti oko wá. Ní Ifẹ̀, Ọọ̀ni kì í dá ọ̀rọ̀ ìlú rò. Àwọn ìjòyè ìlú tí à ń pè ní Ìhàrẹ wà níbẹ̀, Ọ̀rúntọ́ ni olórí wọn, wọ́n sì ń sọ ohun tí àdúgbò wọn lè gbà àti ohun tí kò lè gbà. Ní Iléṣà, Ọwá àti àwọn Ìwàrẹ̀fà ni. Kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí agbolé bá kọ̀ láti mú ìpín tirẹ̀ wá, ìjòyè tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ni yóò tún gbé èsì padà sí ààfin.

Òyìnbó ló yí i padà. Wọ́n gbé owó orí dé, wọ́n dá àpò owó sílẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé lọ́dọọdún. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé náà ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, kì í ṣe ẹni tó san owó. Ibi tí ìbínú ti wá nìyẹn. Ogun Adùbí tó jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, owó orí wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí òfin 1922 sì fún àwọn aláwọ̀ dúdú láyè láti dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, àga mẹ́rin péré ni: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá. Ifẹ̀ kò ní, Iléṣà kò ní. Bẹ́ẹ̀ a sì ń san owó orí.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a wò dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, torí pé kò sí àga kan nínú ìtàn yìí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé. Kó tó gorí ìtẹ́ ní 1930, ó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó sì ti ṣòwò. Ó mọ ìwé owó. Láyé rẹ̀ ni òfin Richards, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà òyìnbó pè, dé, tí wọ́n dá Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1947. Ẹ wo ohun tí ilé náà lè ṣe nígbà náà: ó lè gbé ìṣúná ẹkùn yẹ̀ wò, ó sì lè gbani nímọ̀ràn lórí òfin, ṣùgbọ́n kò lè ṣòfin. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Òfin 1951 ló wá fún un lágbára láti ṣòfin, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé 80 tí a dìbò yàn. Wọ́n sì dá Ilé Àwọn Lọ́balọ́ba sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adérẹ̀mí ni Ààrẹ ilé náà láti 1954 títí di 1960.

Kíá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, wọ́n ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀, tí káńsù tí a dìbò yàn fi rọ́pò ètò tí ajẹ́lẹ̀ gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dán wọn wò jù ni ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní 1952 kan náà ni S. O. Awókọ̀yà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà wá síwájú ilé pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni ti àwa oníkòkó: ta ni yóò san án?

Ìdáhùn wọn pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni kòkó. Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n ti dá, tí iye náà sì kéré sí ti ọjà òkè òkun. Èyí tó ṣẹ́kù ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù, nígbà tó sì di 1954 tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, owó ńlá bọ́ sọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Oko Ifẹ̀ àti oko Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí owó yẹn ti jáde. Ọ̀nà kejì ni pé wọ́n bu owó lé owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Èyí kò dùn mọ́ àwọn èèyàn rárá. Ọmọ kò tíì wọ ilé ìwé, owó ti jáde lápò. Nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), tí í ṣe ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Ìbàdàn, fìdí rẹmi ní ẹkùn tirẹ̀: àga 18 ni wọ́n rí, ẹgbẹ́ alátakò wọn, NCNC, rí 23. Iléṣà kúkú ti jẹ́ odi NCNC tipẹ́.

Síbẹ̀ wọn kò fa ọwọ́ ètò náà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Bàbá mi wà nínú wọn. Bàbá rẹ̀ tó ń tọ́jú rìsíìtì sínú agolo kò lè ka ohun tó wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè kà á. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìṣúná. Àwọn kan jókòó sí Ìbàdàn, wọ́n ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ pé àwọn ará ìlú yóò bínú, wọ́n sì dìbò fún un.

Ní 1960, Adérẹ̀mí di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ní 1962, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, kí wọ́n tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá ń gba ẹnu géètì yunifásítì wa kọjá lónìí, kó rántí pé àbádòfin kan ló bí i, tí wọ́n kà, tí wọ́n jiyàn lé lórí, tí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ fún.

Ibi tó burú dé báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti pín sí méjì. Àwọn ọmọ ilé tó ju ìdajì lọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́, Adérẹ̀mí sì gba ìwé náà wọlé. Ó yọ Akíntọ́lá, ó fi Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé jókòó ní ọjọ́ 25 oṣù náà, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àga fi ń fò lókè. Wọ́n fọ́ ọ̀pá àṣẹ, tí í ṣe àmì agbára ilé. Ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín àwọn aṣòfin. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n sì gbé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn lé Dókítà Májẹ̀kódùnmí lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ní gbogbo oṣù yẹn, owó orí ń wọlé bó ṣe ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí aṣojú kan tó lè dìde kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1963, ìgbìmọ̀ adájọ́ níbẹ̀ sọ pé ohun tí Ọọ̀ni ṣe bá òfin mu. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà náà. Wọ́n yí òfin ẹkùn padà kí ìdájọ́ náà má bàa ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Odélẹ̀yẹ Fádáhùnsi, ló ti wà nípò gómìnà. Mo máa ń ronú lé e pé Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà ló tẹ̀ léra wọn lórí àga náà ní àkókò tí ilé gan-an ń jó.

Ológun gbàjọba ní oṣù Kìn-ín-ní 1966, wọ́n ti ilé aṣòfin pa. Ìṣúná di ohun tí gómìnà ológun ń kà lórí rédíò, tí àwọn àgbà sì ń gbọ́ bí ìròyìn òkú. Nígbà tí owó orí wá le, tí kò sí aṣojú tí àgbẹ̀ lè rán níṣẹ́, wọ́n rán ara wọn níṣẹ́: Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968, ó sì di 1969 kí ìjọba tó sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀mí ti lọ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí aṣòfin ì bá fi ẹnu sọ lórí ìjókòó ni wọ́n fi àdá àti ìbọn sọ yẹn.

Ìjọba alágbádá padà fún ọdún mẹ́rin láti 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, jẹ́ gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí a wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ilé aṣòfin tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ológun tún tì í pa ní 1993. Láti 1999 ni kò ti tún dáwọ́ dúró.

Ọmọ ilé 26 ló wà ní Òṣogbo. Gómìnà ló ń gbé àbá ìṣúná wá kí ọdún tuntun tó wọlé, ṣùgbọ́n kò lè mú kọ́bọ̀ kan nínú àpò ìpínlẹ̀ àfi bí ilé bá fọwọ́ sí i. Bí ọdún bá wọlé tí àbá kò tíì di òfin, ìwé òfin fún un ní oṣù díẹ̀ péré láti máa fi ṣe ìnáwó tí kò ṣeé dá dúró. Bí ilé bá ṣe òfin tí gómìnà kọ̀ láti bu ọwọ́ lù láàárín ọjọ́ 30, ilé lè tún un gbé kalẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá sì fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà. Nínú èèyàn 26, ìyẹn jẹ́ 18.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí bí ẹ bá lọ jókòó síbẹ̀. Bí Abẹnugan bá ti wọlé, wọn yóò gbé ọ̀pá àṣẹ sórí tábìlì. Bí ó bá di àkókò tí ilé fẹ́ di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo láti tú ìṣúná wò ní ìlà-ìlà, wọn yóò sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gidi ń lọ. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké ti pe iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan wá: ẹ sọ pé ẹ ó pa èyí wọlé lọ́dún tó kọjá, èló lẹ pa? Ẹ sọ pé ẹ ó ṣe ọ̀nà yìí, ibo lẹ bá a dé? Ìyá mi, ọmọ Iléṣà, sọ pé òṣómàáló ni iṣẹ́ yẹn, bí àwọn baba rẹ̀ tó ń ta aṣọ láwìn ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tí wọn kì í dìde láì gba owó. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Aṣòfin tó bá tètè dìde níbẹ̀, owó wa ló fi sílẹ̀.

Owó náà kò sì tó mọ́ bíi ti ayé kòkó. Èyí tó pọ̀ jù ń ti Abùjá wá, ọjà epo ló sì ń pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ fi ń yáwó. Ní 2013, Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà Sùkúùkù, ìyẹn ìwé ìyáwó ní ìlànà Ìsìláàmù tí kò gba èlé, yáwó ní Nàìjíríà, bílíọ̀nù 10 náírà, láti kọ́ ilé ìwé. Owó tí a bá yá báyìí, inú ìṣúná àwọn ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ti ń san án, nítorí náà àwọn aṣòfin tí wọn kò tíì dìbò yàn pàápàá ti ní ìlà kan tí wọn kò lè fọwọ́ pa rẹ́.

Ní 2022, ilé náà ṣe òfin tó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó wà ní Iléṣà di Yunifásítì Iléṣà. Mo rí àwọn èèyàn ìyá mi tí wọ́n ń jó lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, mo sì bá wọn jó. Ó lé ní 60 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ti Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti gbé ìwé ìṣúná dé ní ìparí ọdún, ojú ewé tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí ni ibi tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì náà sí. Mo máa ń wo iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, mo sì máa ń wo ti ọdún tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti mọ èyí tó jáde níti gidi nínú ohun tí wọ́n kọ.