Ohun tí Àdéhùn Ramsar lè ṣe fún àbàtà, àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí orúkọ àbàtà kan bá ti wọ inú àkójọ Ramsar, ìyẹn àkójọ àwọn àbàtà tó ṣe pàtàkì lágbàáyé, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ àgbáyé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja tàbí dáko níbẹ̀ mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣèpalára, nítorí pé ó ń sọ àwọn tó ń gbé etí omi di ọ̀tá àdéhùn tí ìbá gbè wọ́n. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní ìlú Ramsar, ní Ìránì, ní oṣù Kejì ọdún 1971, kò ní ọlọ́pàá, kò ní ilé ẹjọ́, kò sì lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Kí a máa fi ọgbọ́n lo àbàtà ni ó béèrè. Kódà, ó gba ìjọba láyè láti gé ààlà àbàtà tí ó ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ náà kù, bí ọ̀ràn kánjúkánjú tó kan ire orílẹ̀-èdè bá dé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wá òmíràn dípò rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n àdéhùn yìí ti hàn jù, tí àléébù rẹ̀ náà sì wà, ni Àkọsílẹ̀ Montreux, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 fún àwọn àbàtà tó ń bàjẹ́. Ẹ wo adágún Ichkeul ní Túnísíà. Ní ìgbà òjò, omi odò ni ó ń kún un. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a gba ọ̀nà tóóró kan wọlé. Nígbà tí wọ́n sé àwọn odò náà, iyọ̀ borí, koríko tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ń jẹ kú, àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá síbẹ̀ nígbà òtútù sì dín kù. Bí ibì kan bá wọ àkọsílẹ̀ yìí, àwọn onímọ̀ lè wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìjọba nímọ̀ràn. Ìrànwọ́ ni, kì í ṣe ìjìyà. Àmọ́ kò sí àbàtà tó lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba tó ni ín gbà, ìjọba tó sì ń kọ́ ìsédò lọ́wọ́ kì í sábà fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn.

Ìdí nìyẹn tí òfin abẹ́lé fi ṣe kókó. Ní Ọsirélíà, òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lè pa àbàtà Ramsar lára gidigidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ mínísítà ìjọba àpapọ̀, ì báà jẹ́ ìta ààlà àbàtà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún wà. Ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn lé arúfin. Níbi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun tó kù fún àwọn ará agbègbè ni kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì àdéhùn náà ní Gland, ní Swítsálándì, kí ọ́fíìsì náà lè bi ìjọba wọn léèrè.