CTE: Ohun tí ẹ̀ṣẹ́ àgbàtúngbà ń ṣe sí ọpọlọ akànṣẹ́

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni a ń pe ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣe iṣẹ́, orúkọ náà sì ń yin ọwọ́ tó ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́. Orí tí òjò náà ń rọ̀ lé ni àlàyé yìí dá lé. CTE ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ní ìgékúrú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àìsàn ọpọlọ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ìfarapa orí léraléra ń fà. Ọ̀rọ̀ náà “léraléra” ni kí a dì mú ṣinṣin, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbé akànṣẹ́ ṣubú ni gbogbo ewu wà, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀ṣẹ́ tí kò mú un dákú, tó gbà tó sì ń jà lọ, náà ń kóra jọ di àìsàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ní ọdún 1928 ni Harrison Martland, dókítà tó ń ṣe àyẹ̀wò òkú ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn akànṣẹ́ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí láìfẹnu kan ọtí. Àwọn tó ń wà nídìí agbo ìjà ti mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀ṣẹ́ ló ń pa wọ́n bí ọtí. Ní ọdún 1973, Corsellis, dókítà tó ń ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ àwọn akànṣẹ́ 15 tó ti kú.

Ọpọlọ rọ̀ púpọ̀, inú omi ló sì ń léfòó sí láàárín agbárí. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n, tí orí sì yí bìrí, agbárí á ti yí kí ọpọlọ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ni yóò sì na àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní tau ló ń gbé inú fọ́nrán wọ̀nyí ró. Bí ìpalára bá ń tẹ̀ lé ìpalára, tau á kúrò ní ipò rẹ̀, á lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó, á sì máa pọ̀ sí i yí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ká, pàápàá nísàlẹ̀ kòtò ibi tí ọpọlọ ti ṣẹ́ po. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé èyí lè máa tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí akànṣẹ́ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá.

Ìbínú òjijì, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbàgbé wà lára àmì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè máa wọ́ lẹ́nu, ọwọ́ lè máa gbọ̀n. Àwọn ará ilé a máa rò pé ìwà ẹni náà ló yí padà, wọ́n a sì máa bá a jà lórí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo akànṣẹ́ ló ń ní in. Bí ẹni bá ṣe pẹ́ tó nídìí ìjà ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ̀yìn ikú nìkan ni a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dájú, nígbà tí wọ́n bá wo ọpọlọ lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Báyìí ni Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà, ṣe rí i ní ọdún 2002 nínú ọpọlọ Mike Webster, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football), èyí tó fi hàn pé kì í ṣe àwọn akànṣẹ́ nìkan ló ń bá jà.

Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Akoto ìdáàbòbò ń dín ọgbẹ́ ojú kù, ṣùgbọ́n kò lè dá ọpọlọ dúró kó má mì nínú agbárí. Nítorí náà, iye ẹ̀ṣẹ́ tí orí ń gbà ni a gbọ́dọ̀ dín kù, pàápàá níbi ìgbáradì, níbi tí akànṣẹ́ ti lè gba ẹ̀ṣẹ́ sórí lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀ láìsí ẹni tó ń kà á.