Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Compressor

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé orin tó gbà sílẹ̀ nílé wá bá mi ní stúdíò ní Kubwa. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi compressor tún un ṣe, ó ń fọ́ létí." Ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ gbogbo ibi tó ti ké sókè ló ti ya. Ó dùn mí láti sọ fún un pé orí preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè, ni orin náà ti bàjẹ́. Compressor, tó ń dín ibi tí ohùn bá ti ké jù kù, kò lè tún ìyẹn ṣe. Àfi kó tún un kọ.

Bíńtín ni iná tó ń ti inú máìkì jáde, ìdá díẹ̀ péré nínú ẹgbẹ̀rún fólìtì kan. Preamp ló ń sọ ọ́ di ńlá. Tí ẹ bá yí gain (bí preamp ṣe ń gbé ohùn sókè tó) dé 60 dB (dB la fi ń wọn ohùn), ó ti di ìlọ́po 1,000 nìyẹn. Máìkì condenser, irú tó ń lo iná, ń fẹ́ fólìtì 48 (48V) láti inú preamp kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa spíkà kí ẹ tó tan 48V yẹn, nítorí ìró rẹ̀ lágbára. Máìkì dynamic bíi Shure SM7B kò nílò 48V, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ gain púpọ̀.

Èmi kì í fi "ẹ̀lóò, ẹ̀lóò" wọn gain. Ibi tó le jù nínú orin ni mo máa ń ní kí akọrin kọ, màá sì yí gain títí ibẹ̀ yóò fi máa kan nǹkan bíi -10 dBFS (lórí ìwọ̀n yìí, 0 ni òkè pátápátá). Lẹ́yìn náà, màá tún dín in kù díẹ̀, torí tí orin bá wọ akọrin lára tán, á ké ju bó ṣe ké nígbà ìdánwò lọ. Bó bá fi lè kọjá 0 pẹ́nrẹ́n, orí ohùn ti gé. Ẹ má bẹ̀rù pé ohùn kéré. Tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, ìwọ̀n tó ń gba ohùn kékeré pàápàá sílẹ̀ dáadáa, àyè ṣì pọ̀ láti gbé e sókè.

Kí wá ni compressor wà fún? Ìyá àgbà kan wá ki oríkì ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ìgbéyàwó kan ní Lugbe. Ohùn ìyá ń bẹ̀rẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n bó bá ti dé òpin gbólóhùn, pàápàá lórí sílébù olóhùn ìsàlẹ̀, á wọlẹ̀, gángan á sì bò ó. Ó pe "ọlọ́rọ̀", "ọlọ́" nìkan la gbọ́. Mo fi threshold (ibi tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) sí -20, ratio sí 3:1, ìyẹn ni pé 3 dB tó bá kọjá ibẹ̀ á di 1. Ibi tí ohùn ìyá bá ti dé -8, ó ti fi 12 dB kọjá threshold. 4 péré ni compressor ń jẹ́ kó kù, ó wá bọ́ sí -16. Lẹ́yìn tí òkè ti rọ̀ báyìí, mo fi makeup (gain tó wà lẹ́yìn compressor) gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní 6 dB. "Rọ̀" jáde. Ìyá gbọ́ ọ nínú headphone, ó ní kí n tún un fi sí i.

Attack, ìyẹn bí compressor ṣe ń yára mú ohùn tó, ni ẹ máa ṣọ́ra fún jù. Bí ó bá yára jù, á jẹ ìbẹ̀rẹ̀ "gb", "k" àti "p" mọ́ akọrin lẹ́nu, kọ̀ǹgọ́ onígángan náà á sì dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ wé e. Nǹkan bíi 20 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ni mo lò fún ìyá. Àwọn tó ń lo compressor tí wọ́n ń pè ní 1176 tàbí plugin (ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà) tó fara wé e, ẹ rántí pé òdì ni bọ́tìnì attack rẹ̀: 7 ló yára jù, 1 ló lọ́ra jù. Kódà, 1 yẹn ò tó 1 ms. Ohùn tó bá ń ta gìjà lójijì ló dára fún.

Makeup kò mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo o. Ohun tí ẹ fi gbé ìyá sókè náà ni ẹ fi gbé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti AC sókè. Nínú ooru oṣù kẹta l'Abuja, mo mọ̀ pé ó ṣòro, ṣùgbọ́n ẹ pa AC náà fún ìṣẹ́jú tí akọrin fi ń kọrin. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ máìkì, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀. Tó bá jẹ́ máìkì cardioid ni, irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ojú fèrèsé tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.