Ta ló ní àrùn olówó ni òkúta inú àpò òróòro?

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán lẹ́nu àwọn ará Èkó: wọ́n ní àrùn olówó ni òkúta inú àpò òróòro, pé àwọn tó ń jẹ bọ́tà ní Ìkòyí ló wà fún, Mushin ò mọ̀ ọ́n. Ó ti sú mi í gbọ́.

Pé ọ̀rá wà nínú ọ̀ràn náà, a ò jiyàn. Sísanra jù, àtọ̀gbẹ, ọjọ́ orí, oyún léraléra, gbogbo wọn ló ń dá kún un, obìnrin sì ń ní in ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló ń béèrè àdírẹ́sì kó tó wọlé? Ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tó ń fi búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò gbé ọjọ́ ró nísọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ṣé àpò òróòro tirẹ̀ mọ̀ pé òun ò lówó ni?

Èyí tí wọn kì í mẹ́nu bà rárá ni fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS. Òkúta yìí ju oríṣi kan lọ. Òmíràn, cholesterol, ìyẹn oríṣi ọ̀rá kan, tó pọ̀ jù nínú òróòro ló ń dì í. Òmíràn dúdú, ara ẹ̀jẹ̀ ló sì ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ dá ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹlẹ́jẹ̀ SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ ṣáá ni bilirubin, èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan, ń jáde lára wọn, ẹ̀dọ̀ á dà á sínú òróòro, ibẹ̀ ló ti ń di òkúta. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún lè ní in, kó má fẹnu kan bọ́tà rí. Orílẹ̀-èdè wa yìí ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lágbàáyé. Ìkòyí nìkan ni wọ́n ń bí gbogbo wọn sí, àbí?

Kí ló wá dé tó fi jọ pé olówó nìkan ló ń ní in? Síkáànù ni. Ọ̀pọ̀ òkúta yìí kì í dun ẹni tó ní in. Olówó lọ yẹ gbogbo ara wò, wọ́n bá a níbẹ̀. Ẹlòmíì ní Ojúẹlẹ́gbà, inú ń run ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún tó bá ti jẹ ọlọ́ràá tán. Ẹni tó ń ta oògùn ní ulcer ni, ó ra oògùn ulcer, ó bá ọjà rẹ̀ lọ. Apẹja tó ka ẹja inú àwọ̀n tirẹ̀, tó ní kò sí òmíràn nínú ọ̀sà, ni wá.

Mi ò wá ní àrùn tálákà ni o. Ó lè jẹ́ pé òkúta ti cholesterol pọ̀ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ àjẹsanra. Ibi tí mo ti rí ọwọ́ owó kedere ni ìtọ́jú: láti 1985 ni wọ́n ti ń gba ihò kéékèèké ṣiṣẹ́ abẹ yọ àpò òróòro náà, àmọ́ owó àpò ara wa lọ̀pọ̀ wa ṣì fi ń sanwó ilé ìwòsàn.

Àwọn tó ń ta òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́ pé ó ń fọ òkúta jáde ńkọ́? Kóró aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rí nínú ìgbẹ́ yẹn, òróró tẹ́ ẹ mu gan-an ló dì bí ọṣẹ. Ẹ fi í sílẹ̀. Tí ibà àti ojú pípọ́n bí ìyeyè bá sì ti bá inú rírun náà dé, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Tí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ síkáànù lásán lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Oúnjẹ máa ń mú kí àpò òróòro sún kì, òkúta á sì ṣòro í rí.