Bí wọ́n ṣe ń yẹ ọtí wò lára òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà

FRA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ló gbé òfin ọtí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kalẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1986. Awakọ̀ nìkan kọ́ ló mú. Ó mú kọ̀ǹdọ́kítọ̀, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń darí ìrìn ọkọ̀, àti àwọn tó ń tún iná ojú irin ṣe. Láti 2017 ló ti mú àwọn tó ń tún irin fúnra rẹ̀ ṣe.

Bó bá ti ku wákàtí 4 kéèyàn wọṣẹ́, ọtí di èèwọ̀. Fóònù ni wọ́n sábà fi ń pe àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó sì lè jẹ́ lóru. Bí ìpè bá dé nígbà tó ku wákàtí 2, ìgbà tí onítọ̀hún gbọ́ ìpè ni èèwọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ti da ìgò mẹ́ta sọ́fun kí fóònù tó dún má tíì yọ̀ o: ọtí tó bá wà lára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀rọ máa kà.

Wọn kì í kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde fún àyẹ̀wò òjijì. Yóò fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Bí ohun tí ẹ̀rọ kà kò bá tó 0.02, ìyẹn gíráàmù ọtí nínú lítà èémí 210, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, wọ́n á tiẹ̀ ní kó gbìyànjú kó má gùfẹ̀. Ibí yìí ló mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo ètò náà, torí ọtí máa ń wà nínú omi tí àwọn kan fi ń fọ ẹnu. Láàárín ìṣẹ́jú 15, tẹnu á ti gbẹ, á wá ku èyí tó ti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó tó fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ lásán dán ẹ̀rọ wò níṣojú rẹ̀, kó lè rí i pé òdo ló kà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni wọ́n máa gbà, ì báà kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó bá ní 0.02 sí 0.039 á kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 8. Ẹni tó bá tó 0.04 kò ní padà títí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, tí àyẹ̀wò mìíràn á sì fi hàn pé ara rẹ̀ ti mọ́. Wọ́n á tún máa ká a mọ́ lójijì, ó kéré tán ìgbà 6 lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti fẹ́ èémí rárá, oṣù 9 ló máa fi jókòó.

Bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà. Èyí ló bí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú tí wọ́n fi gba ilé ẹjọ́ lọ, pé ìjọba kò gbọdọ̀ tú ara ènìyàn wò láìsí ìwé àṣẹ. Ní 1989, adájọ́ 7 nínú 9 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìjọba láre: wọ́n ní òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ojú rẹ̀ kò dá lè ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ọ̀gá rẹ̀ tó fura pé ó mu nǹkan kan.